Ihò Tó Wà Lábẹ́ Ọ̀dà

Bí mo bá gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ yàrá iṣẹ́ abẹ lọ́la, tí n kò sì fi ẹsẹ̀ ara mi jáde, mo sá lọ pẹ̀lú rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rù ọ̀bẹ dókítà ń bà mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù Fàlílátù, ìyá Ùsmán, ló ń bà mí jù. Èmi Olúṣèyí, ará Ìkòròdú, mo mọ ohun tó pa ọmọ rẹ̀.

Ní ọdún 2006, èmi ni mo kó àwọn ọ̀dọ́ Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ jọ fún ìpàtẹ àwòrán hípọ́ọ̀pù nínú gbọ̀ngàn kan ní Ẹ̀pẹ́. Àwọn tó ń ya lẹ́tà ràbàtà sára ògiri wá, Ùsmán ló sì mọ̀ ọ́n yà jù. Ọmọ apẹja ni, bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Nílé tiwọn, bí apẹja bá kú, wọn a da ojú ọkọ̀ rẹ̀ bolẹ̀ sétí ọ̀sà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé e sómi títí wọn yóò fi ṣe àdúrà ogójì ọjọ́. Ọkọ̀ yẹn ni ojú mi kò kúrò lára rẹ̀. Mo ní kí Ùsmán ya orúkọ bàbá rẹ̀ sí i lára. Inú rẹ̀ dùn. Ìyá rẹ̀ náà gbà, ó ní, "Bọ̀dá Ṣèyí, orí ilẹ̀ kò burú, omi ni a ò fẹ́ kó kàn. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí nǹkan ṣe é. Òun ló bọ́ wa." Mo búra fún un. Ẹnu yìí náà ni mo fi búra.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ọkọ̀ náà so rọ̀ lókè, kí àwọn àlejò máa wò ó látìsàlẹ̀ bí ẹja ṣe ń wò ó. Okùn ń yọ̀ lára rẹ̀. Nígbà tí Ùsmán lọ kírun Àsárì, mo ní kí Festus káfíńtà lu ihò mélòó kan sí i nídìí kí okùn lè gba ibẹ̀ kọjá. Festus kọ́kọ́ kọ̀. "Ọ̀gá, omi ò mọ àwòrán o. Tí wọ́n bá fẹ́ lò ó ńkọ́?" Mo ní, "Ta ni yóò gbé e sómi mọ́? Ó ti di iṣẹ́ ọnà." Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ra ẹja lọ́jà, tí kò pa á rí. Nígbà tí ìpàtẹ parí, mo fi pọ́tì tí àwọn káfíńtà fi ń dí ara pákó dí àwọn ihò náà, mo fi ọ̀dà Ùsmán kùn wọ́n, ó jọ̀lọ̀. Mo ní kí Festus panu mọ́.

Ogójì kò tíì pé tí mo fi dá ọkọ̀ padà. Ọjọ́ ọjà Ejìnrìn ni, ẹni tó yẹ kó bá wọn gbé ẹja kò wá. Ojú mi ni Ùsmán ṣe bẹ ìyá rẹ̀ pé kó jẹ́ kí òun lo ọkọ̀ bàbá òun. Obìnrin náà kọ̀ títí, ó wá rẹ̀ ẹ́, ó ní, "Ó dáa, tètè dé." "Má lọ, ihò wà níbẹ̀" ni mo ní láti sọ. Ó dé ètè mi. Mo rántí àwọn èèyàn ńlá tó ní àwọn yóò gbé ìpàtẹ wa dé Ìkòròdú, mo rántí ìtìjú, mo gbé e mì. Ẹrù wúwo nínú ọkọ̀, afẹ́fẹ́ sì ń jà. Ùsmán juwọ́ sí mi. Mo juwọ́ padà.

Wọ́n rí ọkọ̀ kí wọ́n tó rí òkú Ùsmán. Pọ́tì ti ṣí kúrò nínú ihò kan. Kí ẹnikẹ́ni tó rí i, mo jókòó lé e lórí. Mo ní ọkọ̀ tó ṣe irú èyí kò ṣeé tọ́jú, ẹ jẹ́ kí a sun ún. Èmi ni mo da kẹrosíìnì sí i. Ìyá Ùsmán di ọwọ́ mi mú, ó ń dúpẹ́. Ó ní, "Èmi ni mo pa ọmọ mi. Mo jẹ́ kó gbé e kí ogójì tó pé. Bàbá rẹ̀ ló bínú." Mo ní, "Kádàrá ni, Màmá."

Ọdún mẹ́ta nìyí. Wọ́n ní Fàlílátù ti fi òwò ẹja sílẹ̀, ó sì ń gbààwẹ̀ kí Ọlọ́run lè dárí jì í. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ló ń gbààwẹ̀ lé lórí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣe ìpàtẹ, ohun tí ẹ bá yá, ẹ dá a padà bí ó ṣe wà, tàbí kí ẹ jẹ́wọ́ kí wọ́n tó lò ó.

Mo ti bẹ Festus kó ka èyí sí Fàlílátù létí. Ìyá Ùsmán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ jẹun. Ọkọ yín kò bínú. Ihò wà lábẹ́ ọ̀dà yẹn, èmi ni mo ní kí wọ́n lù ú. Bí ẹ ò bá lè dárí jì mí, ẹ ṣáà dárí ji ara yín.