Ọ̀rọ̀ tí Mo Gbé Mì Láàárín Màmá àti Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ìwé yìí, ẹ kú ìjókòó. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ kan sínú, ó sì ti sú mi. Bí kì í bá ṣe pé wọ́n dá ìpàdé ìdílé sí ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ yìí, bóyá mi ò tún ní sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó bú mi. Mo mọ̀ pé ẹ máa bú mi.

Karaworo ni mo ń gbé, ní Lọ́kọ́ja níbí. Ọmọ Yàgbà ni mí, iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe. Yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí ni wọ́n fi mí sí, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí fáìlì kì í bi ènìyàn pé kí ló dé tó fi dákẹ́. Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, láti kékeré ni. Tí ènìyàn méjì bá ń jà níwájú mi, n ó máa wá ọ̀rọ̀ tó lè parí ìjà náà láìdun ẹnikẹ́ni nínú wọn. Kí n tó rí ọ̀rọ̀ yẹn, wọ́n ti jà tán, oníkálukú ti lọ sílé.

Agùnbánirọ̀ kan wà ní ọ́fíìsì wa lọ́dún tó kọjá. Ó gbé ìbéèrè kan wá lórí fóònù, irú èyí tí wọ́n fi ń mọ irú ẹ̀dá tí ènìyàn jẹ́. Nígbà tó kàn mí, ó ní irú tèmi ṣọ̀wọ́n, pé inú ara mi ni mò ń gbé, pé mo fẹ́ kí ayé rí bó ṣe yẹ kó rí, pé mo máa ń ro ọ̀rọ̀ dáadáa kí n tó sọ ọ́. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní àbájọ tí mo fi níwà pẹ̀lẹ́. Inú bí mi débi pé mo dìde, mo jáde síta. Fóònù náà ò sọ fún wọn pé irú wa máa ń ro ọ̀rọ̀ títí ọ̀rọ̀ á fi bàjẹ́ mọ́ wa nínú.

Ohun tó wá ń ya èmi fúnra mi lẹ́nu ni pé tí ọ̀rọ̀ bá ti jẹ́ ti ẹlòmíràn, ẹnu mi máa ń já gaara. Èmi ni ògbufọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Pásítọ̀ á sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, èmi á sọ ọ́ ní Yorùbá, ohùn mi á sì dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Bí wọ́n ṣe sọ mí di ògbufọ̀ ilé nìyẹn.

Ọmọ Ígálà ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fẹ́. Ìyá Ufẹdọ là ń pe ìyàwó náà, orúkọ ọmọ rẹ̀ àkọ́bí ni. Tíṣà ni. Kò gbọ́ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì àti Pijin lòun àti ẹ̀gbọ́n mi fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Màmá wa ní tiwọn, abúlé wa ni wọ́n ti lo gbogbo ọjọ́ ayé wọn, Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n gbọ́ ò ju 'gúdù mọ́nì' lọ. Ẹ̀gbọ́n mi kì í sì í gbélé, iṣẹ́ títì ló ń ṣe káàkiri. Nítorí náà, bí obìnrin méjèèjì bá fẹ́ bára wọn sọ̀rọ̀, èmi ni wọ́n máa ránṣẹ́ pè.

Màmá máa ń sọ fáráyé pé ọmọ àwọn yìí kì í fi kún un, kì í yọ kúrò níbẹ̀. Irọ́ ni. Mo máa ń yọ kúrò. Tí Màmá bá ní ọbẹ̀ ìyàwó ò níyọ̀, n ó ní wọ́n ní ó ṣeun. Tí ìyàwó bá ní kí Màmá yéé jí òun ní aago mẹ́rin ìdájí, n ó ní ó ní ẹ kú ìdájí. Àwọn méjèèjì sì fẹ́ràn ara wọn. Mo rò pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni mò ń ṣe.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, Màmá wá gba ìtọ́jú ojú, ilé ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n dé sí. Ẹ̀gbọ́n mi ò sí nílé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ìyá Ufẹdọ pè mí pé kí n máa bọ̀. Mo bá wọn lẹ́yìnkùlé. Wọ́n ti kán oògùn sí Màmá lójú, wọn ò ríran dáadáa, síbẹ̀ wọ́n ń fọwọ́ wá òkúta nínú ẹ̀wà, wọn ò gbà kí ẹlòmíràn ṣà á. Ìyàwó jókòó sórí àpótí níwájú wọn. Ó ní kí n jókòó, pé òun fẹ́ bá Màmá sọ̀rọ̀, kí n jọ̀ọ́ má fo ọ̀kankan.

Ó ní, "Ọ́ńkù, ẹ sọ fún Màmá pé ọmọ wọn ń nà mí. Ìgbà kẹta nìyí. Mi ò tíì sọ fún àwọn èèyàn mi, torí tí wọ́n bá gbọ́, ó ti parí nìyẹn. Màmá nìkan ni ọmọ wọn ń bẹ̀rù. Kí wọ́n bá mi bá a sọ̀rọ̀."

Kò sí ọ̀rọ̀ tó le nínú ohun tó sọ yẹn. Ọmọ yín ń nà mí. Ọmọ ọdún mẹ́ta lè sọ ọ́ ní Yorùbá. Ṣùgbọ́n mo ti rí bí gbogbo ilé wa ṣe máa dàrú: Màmá á fi igbe ta, ẹ̀gbọ́n mi á gbaná jẹ, àwọn ará ìyàwó á sọdá odò wá láti ilẹ̀ Ígálà. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀nà tó dára ju èyí lọ wà, pé n ó bá ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́ fúnra mi, jẹ́jẹ́, láìsí ariwo.

Mo wá lanu, mo ní, "Màmá, ó ní ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ó ní kí ẹ máa rántí ilé àwọn nínú àdúrà."

Màmá rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín tọkàntọkàn. Wọ́n ní ṣé torí ìyẹn náà ló ṣe pè mí wá nínú oòrùn. Wọ́n ní kí n sọ fún un pé ọkàn àwọn balẹ̀ lórí rẹ̀, kó máa tọ́jú ọkọ rẹ̀ dáadáa. Wọ́n tún ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀wà wọn.

Ìyá Ufẹdọ bi mí pé kí ni Màmá sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Mo ní, "Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Wọ́n ní kí o ní sùúrù."

Ó wo ẹ̀rín tó ṣì wà lẹ́nu Màmá, ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó gbé abọ́ omi tó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn wọlé lọ.

Ẹ má rò pé mo kàn jókòó. Mo kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi, ojú ewé mẹ́rin gbáko. Ìgbà mẹ́fà ni mo tún un kọ, nítorí gbólóhùn kan le jù, òmíràn rọ̀ jù. Nígbà tí mo kọ ọ́ tán, ó dára, ó dùn ún kà. Inú báàgì mi ló ṣì wà títí di òní.

Lọ́jọ́ kan, mo lọ bá a nílé. Ó ń wo bọ́ọ̀lù. Mo ti kọ́ ohun tí n ó sọ sórí láti ilé mi. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa rọra o." Ó ní kí òun rọra fún kí ni. Mo ní ojú ọ̀nà, kó máa rọra lójú ọ̀nà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Inú bí mi sí ara mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ dé ìsàlẹ̀ òkè Patti, mi ò mọ ohun tí mo ń wá lọ. Ẹ ó ti rí i pé mi ò pè é ní 'wọ́n' nínú ìwé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe pé mi ò lẹ́kọ̀ọ́, ó ti kúrò lẹ́nu mi ni.

Láti ọjọ́ ẹ̀wà yẹn ni Ìyá Ufẹdọ ti yí padà sí Màmá. Tí wọ́n bá pè lórí fóònù, á gbé e fún àwọn ọmọ. Wọ́n fi gàárì àti epo ránṣẹ́, ó pín gbogbo rẹ̀ fún ará ilé. Màmá bi mí títí pé kí ni àwọn ṣe fún ọmọ yìí. Mo ní iṣẹ́ tíṣà ló pọ̀ lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n gbà mí gbọ́. Gbogbo ènìyàn ló máa ń gbà mí gbọ́, nítorí pé mo dákẹ́, wọ́n rò pé ẹni tó bá dákẹ́ kì í purọ́. Ó máa ń bí mi nínú.

Èmi náà ò bi Ìyá Ufẹdọ léèrè mọ́ bóyá ó ṣì ń ṣẹlẹ̀. Ojú ń tì mí. Tí mo bá rí i tó wọ aṣọ alápá gígùn nínú ooru Lọ́kọ́ja, ṣe ni n ó yí ojú mi síbòmíràn.

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ́ ẹ lápá. Ìyá Ufẹdọ kó àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì, ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Felele, ní Lọ́kọ́ja níbí náà. Ìyá kan tó jẹ́ ará Bùnú, tí ilé rẹ̀ kángun sí ti ẹ̀gbọ́n mi, ló pe Màmá, tó ro gbogbo rẹ̀ fún wọn. Lọ́jọ́ kejì, Màmá ti wọ mọ́tò dé. Ilé mi ni wọ́n sọ̀ sí, wọ́n ní ẹsẹ̀ àwọn ò ní wọ ilé ọmọ yẹn.

Wọn ò sunkún. Wọ́n jókòó sórí ibùsùn mi, wọ́n ní, "Bàbá yín nà mí fún ọdún mọ́kànlá. Mo sọ fún ìyá rẹ̀, ó ní kí n ní sùúrù. Mo búra lọ́jọ́ náà pé èmi ò ní sọ irú ẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ láéláé. Kí ló dé tí ọmọ yìí ò sọ fún mi? Ká ní ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èmi fúnra mi ni ǹ bá kó ẹrù rẹ̀ jáde."

Mi ò mọ̀ rí pé bàbá wa nà wọ́n. Mo kéré nígbà tí bàbá kú. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo lè fi sí Màmá lẹ́nu lọ́jọ́ ẹ̀wà yẹn, sùúrù ni mo lọ mú.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti jẹ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀. Mo la ẹnu mi. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n á mu tíì.

Níjẹta, Màmá ní kí n mú àwọn lọ sí Felele. A wọ kẹ̀kẹ́. Ẹ̀gbọ́n Ìyá Ufẹdọ ló jáde sí wa lẹ́nu géètì, kò ní ká wọlé. Ó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé àbúrò òun ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún Màmá láti ọdún mẹ́ta, Màmá sì fi rẹ́rìn-ín, kò sí ohun tó tún kù láti sọ. Màmá fà mí láṣọ, wọ́n ní kí ló wí.

Mo ní, "Ó ní ó ń sùn."

Wọ́n ní kò burú, kí wọ́n má jí i, ẹni tí ara ń ro gbọ́dọ̀ sùn. A dúró díẹ̀ nínú oòrùn, Màmá ń wo fèrèsé ilé náà, kí a tó wá kẹ̀kẹ́ tó máa gbé wa padà. Ẹ ò rí ayé mi bí? Odindi ọdún mẹ́ta, mi ò kọ́gbọ́n kankan.

Ní Sátidé, ìdílé méjèèjì á pàdé. Wọ́n ti fẹnu kò pé èmi ni n ó ṣe ògbufọ̀. Àwọn ará Ígálà náà fọwọ́ sí i, wọ́n ní mo jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́.

Lánàá ni Màmá wá pè mí jókòó. Wọ́n ní kí n ṣe ògbufọ̀ fún gbogbo ènìyàn, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ò fẹ́ rán mi, ẹnu ara àwọn ni àwọn fẹ́ fi sọ ọ́ fún ìyàwó. Wọ́n ní báwo ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé 'ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi'. Mo kọ́ wọn. Nóbọ́dì tẹ́ẹ̀lì mi. Láti àná ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, nídìí ààrò, nídìí aṣọ tí wọ́n ń fọ̀. Tí wọ́n bá gbàgbé, wọ́n á pè mí kí n tún un sọ.

Tí wọ́n bá sọ ọ́ ní Sátidé, arúgbó òpùrọ́ ni Ìyá Ufẹdọ máa rí níwájú rẹ̀. Kò sì ní dárí jì wọ́n láéláé.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún? Ṣé Màmá ni, kí ojú wọn ríbi lọ́wọ́ ọmọ méjèèjì tí wọ́n bí? Ṣé Ìyá Ufẹdọ ni, tí kò tiẹ̀ ní ṣí géètì fún mi? Àbí kí n dúró níwájú gbogbo wọn? Ẹ má ṣe ní kí n lọ gbàdúrà sí i, ẹ má sì ní kí n fara balẹ̀. Mo ti fara balẹ̀ jù. Ẹ sọ ohun tí mo máa fi ẹnu mi sọ gan-an fún mi, bí ó ti wù kó korò tó.

Bí mo ṣe ń kọ èyí lọ́wọ́, Màmá yọjú láti kíṣìnnì. Wọ́n tún sọ ọ́, díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń wo ẹnu mi. Wọ́n bi mí bóyá àwọn gbé e dáadáa, pé àwọn ò fẹ́ kó ṣi àwọn gbọ́.

Mo ní, "Ẹ gbé e dáadáa, Màmá. Ó máa gbọ́ yín."