Àwọn Tí Kì Í Jẹ Ìgbín

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ jù lábẹ́ ahọ́n. Agatha, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, ló ni ín. Àìsàn ti jẹ ẹ́ lára tán. Dókítà bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ta ni wọ́n rò pé àwọn ń tàn? Ó mọ̀ pé ilé ti yá. Ìdí nìyẹn tó fi ní kí wọ́n gbé òun lọ sí ìpàdé àwọn òǹkàwé ní Ọ̀wọ̀ ní ọ̀sán Sátidé yẹn, tó sì ránṣẹ́ pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ Lábísí, télọ̀ kan ní àárín ìlú, pé kó wá jókòó ti òun. Lábísí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wọn, síbẹ̀ ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó wá.

Ìwé Dùnsìn ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọmọbìnrin náà kọ ìtàn ilé mẹ́ta láti ayé àwọn baba ńlá títí di òní, ìtàn ọ̀kan wọnú èkejì bí irun dídì. Òun náà jókòó síbẹ̀, ó ń gbọ́. Ọlámúyìwá, alága wọn, ní òun gbádùn rẹ̀ o, àmọ́ ẹ̀ẹ̀melòó lòun ṣí ìwé padà sẹ́yìn kóun tó mọ ẹni tó bí ta ni! Wọ́n rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan ní níbi tí wọ́n ti ta ọmọdébìnrin yẹn, ńṣe lòun pa ìwé dé, òun sunkún. Ni gbogbo wọn bá dojú èébú kọ bàbá burúkú inú ìwé náà, ẹni tó ta ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú, tó fi owó rẹ̀ jẹ oyè.

"Ìkà èèyàn!"

"Irú wọn kì í tán nílẹ̀!"

Àfi bí wọ́n ṣe rántí pé Lábísí wà níbẹ̀, ni gbogbo ojú bá yí sí i. Ìwé náà kò dárúkọ ìdílé kankan. Ohun tó sọ ni pé àwọn èèyàn bàbá yẹn kì í jẹ ìgbín. Ní àdúgbò tí ìtàn náà sì ti ṣẹlẹ̀, ilé kan ṣoṣo ni kì í jẹ ìgbín, ilé bàbá Lábísí ni.

Agatha na ọwọ́ sókè.

"Ẹ má wo Lábísí mọ́. Èmi ni kí ẹ bú. Bàbá bàbá tèmi lẹ ń bú látẹ̀ẹ̀kan."

Ó rọra mí, ó ní, "Nígbà tí Dùnsìn wá gba ìtàn lẹ́nu mi, mo sọ ọ́ bí bàbá mi ṣe sọ ọ́ kó tó kú. Mo ní kó má dárúkọ. Ó ní, 'Mi ò ní dárúkọ, mà. Ẹ ṣáà sọ èèwọ̀ wọn fún mi, kí ọ̀rọ̀ wọn lè dà bí òótọ́.' Èèwọ̀ tiwa, àparò ni. Tí mo bá pe àparò, ẹní bá mọ̀ wá ti mọ̀ wá nìyẹn, oyè tá a fi ń yangàn di yẹ̀yẹ́. Ẹnu mi kàn pe ìgbín ni. Ẹ gbọ́ irọ́! Ẹnu mi kò kàn pè é. Mo ronú kí n tó pè é. Mo ní bàbá Lábísí ti kú, Lábísí kì í kàwé, ta ni yóò mọ̀? Bẹ́ẹ̀ ìyá mi ló máa ń se ọbẹ̀ Lábísí lọ́tọ̀ nílé wa nígbà tá a wà ní kékeré, nítorí ìgbín yìí kan náà."

Wọ́n kúkú mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Àwọn ará ilé ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ Naimat, ọmọ Lábísí, ka ìwé náà, wọ́n ní àwọn kò lè fẹ́ ọmọ àwọn tó ń ta èèyàn. Ni Lábísí bá ní kí Naimat ka gbogbo rẹ̀ sí òun létí.

"Mo wà níbẹ̀," Agatha ní. "Mo rò pé yóò ní irọ́ ni. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, 'Agatha, bàbá mi kì í fẹ́ ká béèrè ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀. Àṣé ohun tó ń bò mọ́ra nìyẹn.' Ó gbà á gbọ́! Èmi tíṣà, tó ń na ọmọ ọlọ́mọ nítorí irọ́, mo ń mi orí. Ó tún ní kí n sin òun lọ sí Imeri, níbi tí wọ́n ta ọmọ náà sí, kí òun lọ bẹ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Mo sìn ín lọ. Bàbá arúgbó kan nínú wọn, Sàlàkọ́, jáde sí wa. Lábísí tí orúnkún ń dùn kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀, ó ní, 'Bàbá, ẹ foríjì wá, àwa la ṣe é.' Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo bá a di báàgì mú. Bàbá náà sunkún, ó fà á dìde. Ló bá yíjú sí mi, ó ní, 'Ìwọ tó bá a pín nínú ìtìjú yìí, ọ̀rẹ́ rere ni ọ́. Ọlọ́run yóò san án fún ọ.' Mo ní, 'Àmín.' Ẹ gbọ́ o! Mo fi ẹnu ara mi ṣe àmín!"

Dùnsìn ti ń sunkún. "Mi ò mọ̀, mà," ló ń sọ fún Lábísí ṣáá.

"Kò mọ̀," Agatha ní. "Ó gbà mí gbọ́ ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gba ìtàn lẹ́nu àgbà, ewú orí kò ní kí ẹnu má purọ́ o. Ẹ máa bi ẹlòmíràn wò."

Ó fẹ́ kúnlẹ̀, kò rí i ṣe, ó yọ̀ bọ́ sílẹ̀ láti orí àga. "Lábísí, mo ti lọ bá Fadá. Ó ní kí n wá sọ fún ẹni tí mo ṣẹ̀. Jọ̀ọ́, foríjì mí kí n lè máa lọ."

Lábísí dìde lórí àga rẹ̀.

"Gbogbo òkú mi ni mò ń ṣe àdúà fún lẹ́yìn ìrun," ó ní. "Láti ọjọ́ tí Naimat ti ka ìwé yẹn, mò ń fo orúkọ bàbá mi àgbà. Ó ń dùn mí, mo sì ń fò ó."

Ó tẹ̀ba, ó ki ọwọ́ bọ abíyá Agatha, ó gbé e padà sórí àga, ó bá a tún ìró rẹ̀ tó tú so.

"Mo ti wá ìdáríjì náà nínú mi, n ò rí i," ó ní. "Kò sí níbẹ̀ lónìí. Lọ jẹun, kí o lo oògùn rẹ. Má tíì kú, Agatha."