Àdírẹ́sì Ṣọ́ọ̀bù Màmá

[Fóònù ń dún. Ariwo èrò.]

ỌMỌ: Ẹ káàsán, Bàbá mi. Ṣé ara le? Ṣé ẹ ti jẹun?

BÀBÁ: Ara le. Kí lo bà jẹ́?

ỌMỌ: Háà! Ṣé mi ò lè kí yín ni?

BÀBÁ: O kì í pè mí lọ́sàn-án. Ọ̀sàn lo fi ń bá ìjọba jà. Ariwo ta nìyẹn?

ỌMỌ: Onígbàjámọ̀ ni. Ó fá ìdajì orí oníbàárà, ó sá wá tò sórí ìlà.

BÀBÁ: Oníbàárà ńkọ́?

ỌMỌ: Òun náà wà lórí ìlà.

BÀBÁ: Orí yẹn ni wọ́n máa yà sínú káàdì ìdìbò?

ỌMỌ: Òní ni last day ìforúkọsílẹ̀ ìdìbò, Bàbá. Ẹ rántí pé mo ní kí àwọn elétò ìdìbò kúrò ní sẹkitéríàtì, kí wọ́n wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù àdúgbò—

BÀBÁ: Kí ẹni tó wá forúkọ sílẹ̀ lè ra bàtà, kó gẹrun. Mo ti gbọ́ ọ nígbà ogún. Wọn ò wá?

ỌMỌ: Wọ́n wá. Ọgọ́ta èèyàn ló wà nínú oòrùn. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

BÀBÁ: Mo gbọ́. Kí ni wọ́n ń ṣe nínú oòrùn?

ỌMỌ: Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún mi ní kí n kọ ṣọ́ọ̀bù tí ilẹ̀kùn rẹ̀ fẹ̀, tí kẹ̀kẹ́ arọ lè wọ̀. Mi ò tiẹ̀ ronú, Bàbá. Láti ilé ìwé ni mo ti ń kọ àdírẹ́sì yẹn—

BÀBÁ: Èwo?

ỌMỌ: Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ Màmá.



BÀBÁ: Ìyá rẹ ti kú láti oṣù mẹ́fà, o wá ní kó gbàlejò.

ỌMỌ: Ẹ má bínú.

BÀBÁ: Wọ́n ń dúró, àbí? Kò sí oníbàárà rẹ̀ tí kì í dúró. Aṣọ ọjọ́ Ajé, á ní kí wọ́n wá gbà á lọ́jọ́ Ẹtì.

ỌMỌ: Ọ̀gá wọn ní ibi tó wà nínú ìwé nìkan ni àwọn lè ṣiṣẹ́. Bí ilẹ̀kùn ò bá ṣí ní aago mẹ́ta, wọ́n ń lọ. Ó ti ku ogún ìṣẹ́jú. Kọ́kọ́rọ́ dà?

BÀBÁ: Ó sọnù.

ỌMỌ: Níbo?

BÀBÁ: Bí mo bá mọ ibẹ̀, ṣé ó sọnù nìyẹn?

ỌMỌ: Ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún kan wà níbí, kò dìbò rí—

BÀBÁ: Bóyá òun ló fi pẹ́ láyé.

ỌMỌ: Bàbá! Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò lè dé sẹkitéríàtì. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

BÀBÁ: Wẹ́dà iwájú ibẹ̀ ńkọ́?

ỌMỌ: Ó wà lórí ìlà.

BÀBÁ: Kó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá. Kó gé àgádágodo náà.

ỌMỌ: Kó gé— Ẹ̀yin tí ẹ ò jẹ́ kí n tiẹ̀ gbá ẹnu ọ̀nà ibẹ̀!

BÀBÁ: Aṣọ kan wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Kí ẹnikẹ́ni má fà á. Ìyá rẹ ò tíì rán an tán.

ỌMỌ: Bí ẹ bá wá rí kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?

BÀBÁ: Ọwọ́ mi ló wà.

ỌMỌ: Ẹ gun alùpùpù, ìṣẹ́jú mẹ́wàá—

BÀBÁ: Mo ti wọ bàtà láàárọ̀ láti wá síbẹ̀. Ẹsẹ̀ ni kò gbéra. Ṣé o gbọ́ mi?

ỌMỌ: Kò já geere. Ẹ ní kí ni?

BÀBÁ: Mo ní kó gé e.

[Ariwo ẹ̀rọ tó ń gé irin.]

BÀBÁ: Sọ fún mi bó bá ṣí. Ṣé o gbọ́ mi? Sọ fún mi bó bá—

[Ìpè já.]