Èmi Ni Mo Yan Ọ̀pá Ìpẹja Náà

Rárá o, Àǹtí Memunat, mi ò ní jẹun, ẹ gbé oúnjẹ yẹn padà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí àbúrò yín ṣe fún mi. Láti Mafoluku ni mo ti ń dá sọ̀rọ̀ bọ̀, tí oníkẹ̀kẹ́ fi bojú wẹ̀yìn pé ṣé òun ni mò ń bú. Ọmọ ìyá yín ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ sọ lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi wọlé pé ohun tó bá dùn mí nílé ọkọ, kí n má gbé e lọ sílé ìyá mi, kí n gbé e wá fún yín. Ó dáa, mo ti gbé e dé.

Ẹ ṣáà rántí bó ṣe rí nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ kágò ní pápákọ̀ òfurufú. Á jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀, á máa wo bàálù tó ń kọjá lórí ilé wa, á ní eléyìí pẹ́ kó tó dé. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní bí ọkùnrin yìí ò bá rí nǹkan dì mú, kò ní pẹ́ di arúgbó mọ́ mi lọ́wọ́. Àsìkò yẹn ló sọ fún mi pé ní kágò, òun máa ń rí ọ̀pá ìpẹja gígùn tí àwọn òyìnbó ń kó wọlé, èyí tí wọ́n ń fi kòkòrò ayédèrú dọdẹ ẹja, ìyẹ́ ẹyẹ lásán tí wọ́n dì mọ́ ìwọ̀ tí ẹja á fi rò pé eṣinṣin ló bà sómi. Ó ní ó ti wu òun látọjọ́ yẹn. Àǹtí, àbúrò yín kì í sọ ohun tó wù ú. Mi ò gbọ́ "ó wù mí" lẹ́nu rẹ̀ rí, àfi ọjọ́ yẹn.

Mo bá gbé fóònù mi. Mi ò kàwé púpọ̀, ẹ mọ̀. Bí mo ṣe fojú kọ́ aṣọ rírán ni mo fojú kọ́ èyí náà. Bí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, fídíò ni. Mo wò ó títí ó fi yé mi pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ kò nílò ọ̀pá olówó gọbọi. Wọ́n máa ń kọ nọ́ḿbà ìwọ̀n ọ̀pá sí ìdí rẹ̀; márùn-ún ló yẹ ẹ́, kó gùn ju èèyàn lọ dáadáa, kó máa tẹ̀ bí ẹ̀ka igi tútù, kó má gan. Nọ́ḿbà kan náà ni okùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́, torí okùn yẹn ló wúwo, òun ló ń gbé kòkòrò fò. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń ká okùn sí, ibi tí okùn ń sùn lásán ni, èyí tó bá pọ́ọ́kú ti tó. Okùn ni kéèyàn náwó sí. Èmi tí mò ń ránṣọ, ta ló fẹ́ sọ fún mi pé abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán síílíkì kò gba òwú àpò?

Mo wá a kiri gbogbo Oshodi. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹrù tòkunbọ̀ ni mo ti rí ọ̀pá náà, láàárín ọ̀pá kọ́tìnì. Ẹni tó ń tà á gan-an rò pé irin eríà orí rédíò ni. Èmi ni mo wá nọ́ḿbà ìdí rẹ̀ rí. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ wò lójú ọjà tí wọ́n ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ọ̀pá, tòkunbọ̀. Kẹ̀kẹ́, tòkunbọ̀. Okùn nìkan ni mo ra tuntun. Ọjọ́ tí mo gbé e fún un, ó ń fọwọ́ pa á lára. Ó wọ yàrá, ó tún jáde, ó ní, "Ìyá Lateefah, o ṣeun." Ìyẹn tó mi, Àǹtí. Mi ò bèèrè ju ìyẹn lọ.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí adágún kan lọ́nà Badagry tí wọ́n ti ń jẹ́ káwọn èèyàn wá pa ẹja epìyà, òun àti Súbérù ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ mọ Súbérù. Ẹ dárúkọ ìlú, ó ti débẹ̀; ẹ dárúkọ àìsàn, ó ti ṣe é. Kò pẹ́, àwọn ọkùnrin mìíràn ń tẹ̀lé wọn.

Sunday tó kọjá, Ọmọ́wùmí, ìyàwó Babáfẹ́mi ará Ailegun, wá sílé wa. Ọkọ rẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, òun sì fẹ́ mọ irú ọ̀pá tó yẹ kó rà fún un. Inú mi dùn, mo ti ń fa àga. Ló bá gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó lọ kúnlẹ̀ fún Súbérù tó ń jẹ mọ́ínmọ́ín mi lọ́wọ́, ó ní wọ́n ní Súbérù ló bá Bàbá Lateefah yan ọ̀pá tiwọn. Súbérù ní kò tó nǹkan.

Mo wo ojú àbúrò yín. Ó ń wo àwo. Mo ní yóò gbójú sókè, yóò sọ̀rọ̀. Ó bu omi mu, ó ní, "Súbérù mọ̀ ọ́n dáadáa."

Wallahi, ká ní ó gbá mi létí ni, ì bá sàn. Kí ni kí n wá ṣe? Kí n pe ọkọ mi lónírọ́ níwájú àlejò? Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé a kì í tú àṣírí ọkọ ẹni níta. Mo palẹ̀ àwo mọ́.

Ẹ dúró, mi ò tíì débi tó dùn mí jù. Àná, Súbérù náà gbé tirẹ̀ dé etí omi, ọ̀pá rẹ̀gẹ̀jì tí wọ́n fi ń pa ẹja òkun, ó wá so okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn. Ó jù ú, okùn ò lọ. Ó tún un jù, okùn wó lé e lórí, ìwọ̀ kọ́ fìlà rẹ̀. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. Àbúrò yín délé, ó rọra jókòó tì mí lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ròyìn rẹ̀ fún mi, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ìyá Lateefah, kí ló ṣe ọ̀pá Súbérù?"

Kó lè lọ sọ fún Súbérù ni o, kí Súbérù lè lọ sọ ọ́ fáyé. Ó mọ ẹni tó yẹ kí òun bi! Ohun tó ń pa mí nìyẹn. Nínú yàrá ó mọ̀ mí, létí omi kò mọ̀ mí. Mo mọ ohun tó ṣe ọ̀pá yẹn kó tó sọ̀rọ̀ tán. Mo kọjú sí ògiri.

Kí lẹ wí? Pé ojú ló ń tì í? Ojú kí ni? Agbádá tó wọ̀ níbi ìgbéyàwó Lateefah, kò sẹ́ni tí kò sọ fún pé èmi ni mo rán an. Agbádá ò tì í lójú, ọ̀pá ló wá tì í lójú? Àbí nǹkan tí obìnrin mọ̀ gbọ́dọ̀ gba ẹnu Súbérù kọjá kó tó di òótọ́?

Ẹ fẹ́ pè é? Ẹ pè é. Ẹ má sọ pé mo wà níbí o. Ẹ kàn bi í pé ta ló yan ọ̀pá ìpẹja fún un.

Ó ní kí ni?

Ó ní èmi ni. Wéré báyìí, bí ẹni pé kò sóhun tó rọrùn tó o. Rárá, Àǹtí, kò tíì tán, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ má sì pa fóònù yẹn. Ẹ sọ fún un pé mo gbọ́, àti pé kò tíì sọ nǹkan kan. Ẹ̀yin ló sọ ọ́ fún, ẹ̀yin kọ́ lẹ gba irọ́ gbọ́. Sunday tó ń bọ̀, èmi náà ń lọ sí adágún yẹn. Kó dúró létí omi, níwájú Ọmọ́wùmí àti ọkọ rẹ̀, níwájú Súbérù fúnra rẹ̀, kó sọ ọ́ kí ohùn rẹ̀ dé òdìkejì. Ìgbà tó bá sọ ọ́ tán ni n óò tó sọ ohun tó ṣe ọ̀pá Súbérù, ẹnu ara rẹ̀ ni Súbérù yóò sì fi bi mí.