Kànga Tí Mo Fi Pamọ́ Sábẹ́ Ìjókòó Kẹ̀kẹ́

Bí mo bá kú láìsọ ọ̀rọ̀ yìí, irọ́ ni wọn yóò fi sin mí. Wọn yóò ní ẹni rere lọ, wọn yóò sì kọrin fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Èrúwà. Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró mi ti bàjẹ́, èmi fúnra mi sì mọ̀ pé n kò ní í bá wọn jẹ iṣu tuntun. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí Olúwayẹ́misí ọmọ mi ra ìwé wá, tí mo sì ń kọ ọ́ báyìí, ní ọdún 1958, kí ọwọ́ mi tó kọ̀ mí sílẹ̀. Ẹ má retí ẹkún níbẹ̀. Mo ti wá omijé náà tì, n kò rí i.

Orúkọ mi ni Zachariah Akínladé. Tíṣà ni mí tẹ́lẹ̀. Lọ́dún tí ogun Hitler parí ni mo fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀. Mo ra kẹ̀kẹ́, mo so àpò kan mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì kéde pé èmi yóò máa gbé lẹ́tà àti ẹrù láti Èrúwà lọ sí Ìgbó-Ọrà, Ìdèrè àti Tápà, àti gbogbo abà tó wà láàárín wọn. Láyé ìgbà yẹn, lẹ́tà tó bá bá ọkọ̀ Ìbàdàn dé lè sùn sí Èrúwà fún oṣù méjì, títí ẹni tó ń lọ sóko yóò fi mú un lọ. Bàbá ìyàwó mi, tó jẹ́ àgbà ìjọ, fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àlejò. Ó ní, "Tíṣà di aláàárù! Rebecca, ọkọ rẹ mà ti ríṣẹ́ o." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo pinnu lọ́jọ́ náà pé bó ṣe wù kó rí, iṣẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ là mí. Bí ẹ bá ń wá ibi tí ìṣubú mi ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni.

Mo ní ìwé ńlá kan. Ẹni tí mo bá jíṣẹ́ fún yóò tẹ àtàǹpàkò síwájú orúkọ rẹ̀, kí ẹni tó rán mi lè rí i pé iṣẹ́ dé. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn ìwé yẹn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò wá. Ará Ìbàràpá kì í ka ìrìn sí nǹkan kan. Obìnrin yóò ru gàrí láti abà dé Ìgbó-Ọrà, yóò tà á, yóò sì padà wá dáná alẹ́. Ọdẹ àgbàlagbà kan ní Ìdèrè, Ṣàngótọ́lá, wo kẹ̀kẹ́ mi yípo, ó ní, "Ọmọ mi, ẹsẹ̀ tèmi ò tíì kú. Kí ni mo fẹ́ fi tìẹ ṣe?" Mo ti ń wá ẹni tí n óò ta kẹ̀kẹ́ náà fún.

Ẹ̀ẹ̀rùn ló gbà mí. Sòbìà dé. Ẹ̀yin tí ẹ kò gbé lọ́dọ̀ wa, aràn gígùn kan ni, tó tín-ín-rín bí òwú, tí í gba ẹsẹ̀ ènìyàn jáde díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, tí yóò sì dá alágbára dùbúlẹ̀. Ní Abà Igi-Ayin, lẹ́yìn Ìdèrè, ilé mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀, àwọn tó lè rìn dé ọjà kò sì pé mẹ́wàá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ké sí mi. Mo gbé iyọ̀, mo gbé àgbo, mo jíṣẹ́ fún àna, mo lọ pe ẹ̀gbọ́n wá. Kí òjò tó dé, mo ti fi páànù bo ilé mi, bàbá ìyàwó mi sì ti ń pè mí ní ọ̀gá. Ṣàngódèyí, Baálẹ̀ abà náà, fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Akínladé, ìwọ lẹsẹ̀ wa."

Ní ẹ̀ẹ̀rùn kejì, Láńrewájú pè mí. Òun ni wolé-wolé tó ń rí sí ìmọ́tótó agbègbè wa. Ó bu omi odò Abà Igi-Ayin tí ó ní kí wọ́n pọn wá fún òun sínú gíláàsì, ó gbé e sójú oòrùn, ó ní kí n wò ó dáadáa. Mo rí àwọn nǹkan wínníwínní tó ń ta kiri nínú rẹ̀. Ó ní, "Inú ìwọ̀nyí ni sòbìà ń gbé. Àwọn èèyàn yín ní iṣan ara ni, wọ́n ní gbogbo èèyàn ni wọ́n bí i mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń mu ún ni." Ó wá fún mi ní lẹ́tà kan fún Baálẹ̀. Ìjọba yóò fún wọn ní sìmẹ́ǹtì àti ẹni tó mọ kànga gbẹ́, bí wọ́n bá lè ránṣẹ́ kí oṣù tó kú pé àwọn yóò fi ọkùnrin mẹ́jọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Bí wọn kò bá fèsì, abà mìíràn ni yóò gbà á. "Ìwọ ni kó o kà á fún wọn," ó ní. "Kó o sì mú èsì wá fún mi."

Mo sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ igi kan kí n tó dé Ìdèrè. Mo rò ó. Bí kànga bá wà, ẹsẹ̀ wọn á yá, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá sì yá kì í pe ọlọ́kẹ̀kẹ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. N kò bá ẹnikẹ́ni jà, inú kò bí mi. Mo tú awọ ìjókòó kẹ̀kẹ́, mo ki lẹ́tà náà sábẹ́ rẹ̀, mo sì jókòó lé e. Mo ṣí ìwé ńlá mi, mo tẹ àtàǹpàkò tèmi síwájú orúkọ Baálẹ̀. Nígbà tí mo dé abà, Àmọ̀kẹ́ ìyàwó Dàda gbé omi wá fún mi, bí wọ́n ti í ṣe fún ẹni tó ti ọ̀nà dé. Mo ní dókítà ti ka omi tútù léèwọ̀ fún mi. Igo omi sísè tèmi wà nínú àpò. Ẹ kíyè sí i: mo mọ ohun tí mo ń ṣe.

Nígbà tí oṣù kú, Láńrewájú béèrè èsì. Mo ní, "Wọ́n ní àwọn ò fẹ́, sà. Wọ́n ní ilẹ̀ òrìṣà ni, wọn kì í gbẹ́ ẹ." Ẹnikẹ́ni kò sọ bẹ́ẹ̀ rí ní abà náà. Ó wo àtàǹpàkò tó wà nínú ìwé, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Àwọn ará oko yìí!" Sìmẹ́ǹtì náà gba ọ̀nà Tápà lọ.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e ni èyí tó burú jù. Sòbìà mú Àmọ̀kẹ́ ní orúnkún, ó mú Dàda ní ẹsẹ̀ méjèèjì, koríko sì bo oko wọn. Àmọ̀kẹ́ ránṣẹ́ pè mí. Ó ní, "Bàbá Yẹ́misí, mo gbọ́ pé ìjọba gbẹ́ kànga fún abà kan lọ́nà Tápà, wọn ò sì dùbúlẹ̀ lọ́dún yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ̀wé sí wọn. Ẹ sọ fún wọn pé àwa náà ń bẹ níbí." Mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. A gbé ìwé náà ká ojúlé. Àwọn tí kò lè dìde na ọwọ́ láti orí ẹní, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Mo ka àtàǹpàkò mọ́kànlélógójì. Àmọ̀kẹ́ ní kí wọ́n mú iṣu méjì wá fún mi nínú èyí tó kù nílẹ̀, mo sì gbà á. Nígbà tí mo dé odò tí wọ́n ń pọn mu, mo fa ìwé náà ya, mo dà á sínú omi. Mo dé ilé, a se iṣu náà, mo jẹ ẹ́. Ó dùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo padà lọ sọ fún wọn pé ìjọba ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Àmọ̀kẹ́ ní, "Ẹ ṣeun, bàbá. Ọlọ́run á bá wa san án fún yín."

Wọ́n ṣe sùúrù. Kí òjò tó dé, orúnkún Àmọ̀kẹ́ ti ká, kò sì nà mọ́ títí di òní. Obìnrin tó ń ru gàrí dé Ìgbó-Ọrà wá ń fi ìdí wọ́ kiri àgbàlá. Àwọn àgbà ní kí sòbìà tó degbò, Olúgànbe là á ké sí. Wọ́n ké sí i lásìkò. Èmi ni mo pa igbe náà mọ́ wọn lẹ́nu. Ọdún márùn-ún kọjá kí wolé-wolé mìíràn tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ibẹ̀, tó sì gbẹ́ kànga fún wọn. Iṣẹ́ mi kú, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù, ṣọ́ọ̀bù náà sì tà. Ìyà kankan kò jẹ mí. Mo dúró dè é títí, kò wá, nǹkan kan nínú mi sì kú síbẹ̀.

Ní ọyẹ́ tó kọjá, Yẹ́misí fi ọkọ̀ gbé mi lọ sí Abà Igi-Ayin. Àmọ̀kẹ́ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí lẹ́tà dé orí iṣu. Kò dáwọ́ ẹ̀gúsí dúró. Nígbà tí mo parí, ó béèrè pé, "Ta ló rán yín wá?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó rán mi. Èmi ni mo rán ara mi."

Ó ní, "Ẹ padà lọ sọ fún ẹni tó rán yín pé mo gbọ́."

Mo dúró bóyá yóò sọ nǹkan mìíràn. Ó fa igbá ẹ̀gúsí rẹ̀ súnmọ́ra, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ra kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù báyìí, tí ẹ ní ẹ óò máa jíṣẹ́ fún aráyé, bí wọ́n bá rán yín níṣẹ́ ẹrú, ẹ fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ẹ jẹ́ ẹ. Ẹni tí kò lè dìde fi ohùn rẹ̀ lé yín lọ́wọ́. Kò ní òmíràn nílé. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo Abà Igi-Ayin, ààyè àti òkú. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sì gba ọ̀nà Ìdèrè kọjá kí n tó lọ, ẹ bá mi yà lọ́dọ̀ Àmọ̀kẹ́, kí ẹ bi í bóyá ó ní iṣẹ́ kan tó fẹ́ rán sí mi. Bí ó bá ní kò sí, ẹ má parọ́ fún mi.