Ọ̀já Tí A Dì Lẹ́yìn Ìṣubú

Gbogbo ohun tó wúwo láyé ló ní ohun tó gbé e ró. Ilẹ̀ gbé òkè ró, òpó gbé àjà ró. Èèyàn pàápàá, ohun tí ó gbà gbọ́ nípa ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó ń gbé e dìde láràárọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Bí òpó bá wó, gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́ ariwo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ ìgbàgbọ́ yẹn lábẹ́ ẹnì kan, kò sí etí tí yóò gbọ́ nǹkan kan. Onítọ̀hún yóò kàn máa rìn kiri bí ilé tí ó ti sán tí kò tíì wó. Ohun tí Gbéejẹ́jẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sí àbúrò ìyàwó rẹ̀ nìyẹn. Ó ti tó àsìkò kí á sọ ọ́ síta, nítorí òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́, lọ́sàn-án gangan, lójú gbogbo àwọn tí ó kàn.

Gbéejẹ́jẹ́ ni àwọn oníbàárà sọ ọ́. Píánò ni ó ń bá wọn kó láti ilé kan sí òmíràn, ó sì mọ iṣẹ́ náà débi pé bí ó bá ti wo ẹnu ọ̀nà kan, yóò sọ bóyá píánò yóò gba ibẹ̀ kọjá tàbí kò ní gbà. Ìyàwó rẹ̀ ni ó ń fi kúbùsù wé ẹrù kí igi rẹ̀ má baà họ. Àbúrò ìyàwó náà, tí wọ́n ń pè ní Ejìká, ni ó ń bá a gbé e nígbà kan, ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn sì ni ó máa ń wà, níbi tí ìwúwo pọ̀ sí jù. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí píánò ìyá àgbà kan tó jẹ́ olùkọ́ orin ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí gbogbo èèyàn ṣe gbọ́ ọ, Ejìká kò gbé nǹkan kan mọ́. Ó di awakọ̀ wọn. Yóò wa ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà oníbàárà, yóò sì jókòó sídìí rẹ̀, yóò máa wo iwájú bí ẹni tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ títì.

Nígbà tó yá, ìyá olùkọ́ yìí tún ránṣẹ́ sí wọn. Orúnkún rẹ̀ kò gba òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mọ́, ó sì fẹ́ kí wọ́n gbé píánò náà wá sí yàrá ìsàlẹ̀. “Ọ̀gá tí ọwọ́ rẹ̀ kì í yọ̀ ni mo fẹ́ o,” ni ó sọ fún ìyàwó Gbéejẹ́jẹ́ lórí fóònù, “kì í ṣe ti ìjọ́sí!” Gbéejẹ́jẹ́ gbọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó sì gba ilé Ejìká lọ láti sọ fún un pé iṣẹ́ ti dé. Ó bá ọmọbìnrin Ejìká tí oorun ti gbé lọ lórí àga ní pálọ̀. Ejìká gbé orí sókè, ó ké pe ìyàwó rẹ̀, “Ìyá ẹ̀! Wá gbé ọmọ rẹ gòkè o!”

“Ọmọ tí kò wúwo ju ìrọ̀rí lọ?” ni Gbéejẹ́jẹ́ wí. “Ìwọ alára ńkọ́? Ṣé ọ̀lẹ ti wọ̀ ọ́ lára ni?”

“Ẹ̀yin náà mọ ọwọ́ mi, Bọ̀ọ̀dá,” ni Ejìká dáhùn, kò tilẹ̀ bínú. “Mi ò gbé e lórí àtẹ̀gùn rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Píánò bọ́, wọ́n tún un ṣe. Ta ló máa bá mi tún eléyìí ṣe?”

Gbéejẹ́jẹ́ wo ọmọ náà lórí àga. Ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ti yí padà. Nígbà tí ó sì ti pinnu, ẹ̀rù kò bà á mọ́. Ó mọ ohun tí òun yóò ṣe bí ó ṣe máa ń mọ ìgun tí píánò yóò gbà wọlé.

Nílé ìyá olùkọ́, ìyàwó rẹ̀ wé kúbùsù tán, òṣìṣẹ́ tó gba ipò Ejìká ti na ọ̀já tí wọ́n ń gbé kọ́ ara fi gbé ẹrù sílẹ̀, ni Gbéejẹ́jẹ́ bá ní kí wọ́n pe Ejìká wọlé láti inú ọkọ̀.

“Ọ̀gá, ṣé píánò la wá gbé ni, àbí ìwàásù lẹ fẹ́ ṣe?” ni òṣìṣẹ́ náà fi ṣe yẹ̀yẹ́.

“Méjèèjì,” ni Gbéejẹ́jẹ́ wí. Ó dúró ṣánṣán, ohùn rẹ̀ sì le bí ìgbà tó bá ń pàṣẹ lórí àtẹ̀gùn. “Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ẹrù yìí títí màá fi parí ọ̀rọ̀ mi. Òtítọ́ kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó wúwo jù ú lọ. Ẹ mọ òfin iṣẹ́ wa: ẹnikẹ́ni kì í di ọ̀já ara rẹ̀. Ẹ̀yìn ni irin ìdè rẹ̀ wà, ojú ẹni kò débẹ̀, akẹgbẹ́ ẹni ló ń bá ni dì í. Ọ̀já sì gbọ́dọ̀ gba inú irin yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá gbà á lẹ́ẹ̀kan, á dà bíi pé ó le, ṣùgbọ́n bí ẹrù bá ti ń fà á, á máa yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀. Èmi ni mo di ọ̀já Ejìká lọ́jọ́ yẹn. Àwọn àlejò ìyá olùkọ́ ń wò wá látòkè, ẹnì kan sì béèrè bóyá àwa méjì nìkan á lè gbé e. Mo ní, ‘Bẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ wá jókòó lé e lórí!’ Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹnu mi ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ mi ń ṣeré, òmùgọ̀ èèyàn! Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ki ọ̀já yẹn bọ irin. Níbi tí àtẹ̀gùn ti yà, Ejìká ké sí mi pé, ‘Bọ̀ọ̀dá, ọ̀já mi ń dẹ̀ o.’ Mo gbọ́. Mo ní, ‘Gbé e jàre, àwọn èèyàn ń wò wá.’ Ìṣísẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni píánò lọ.”

“Ẹ ní ẹ ò gbọ́ nǹkan kan,” ni Ejìká wí jẹ́jẹ́.

“Irọ́ ni mo pa. Èyí tó burú jù ń bọ̀. Bí gbogbo yín ṣe sáré lọ wo píánò, mo bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn Ejìká bí ẹni tó ń wá ọgbẹ́ lára rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ki ọ̀já yẹn bọ irin lẹ́ẹ̀mejì, bó ṣe yẹ kó wà tẹ́lẹ̀. Mo bọ́ ọ gba orí rẹ̀, mo gbé e sókè, mo ní, ‘Ẹ wò ó, ìdè rẹ̀ le dan-in dan-in. Ọwọ́ rẹ̀ ló yọ̀.’ Òun náà wò ó, ó sì gbà mí gbọ́ ju ara rẹ̀ lọ. Ó kúnlẹ̀ bẹ ìyá olùkọ́, mo dúró tì í, mo ń bá a bẹ̀bẹ̀!”

Ìyàwó Gbéejẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Nígbà tí mo bí àbíkẹ́yìn wa, ìwọ lo ní kí n rọra gbà á lọ́wọ́ àbúrò mi.”

“Èmi ni.”

Ìyá olùkọ́ kọjú sí Ejìká. “Ọmọ mi, gbogbo ibi tí mo ti ba orúkọ rẹ jẹ́ ni màá padà lọ.” Kò wo Gbéejẹ́jẹ́ rárá.

Ejìká ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. “Ó tú,” ni ó wí. “Mo mọ̀ ọ́n lára pé ó tú. Mo ń sọ fún ara mi pé irọ́ ni ara mi ń pa.”

“Ara rẹ kò purọ́. Mo bẹ̀ ọ́, foríjì mí. Bí o kò bá sì lè foríjì mí, o jàre.”

Ejìká mú ọ̀já lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ náà, ó gbé e kọ́. Gbéejẹ́jẹ́ na ọwọ́ láti bá a dì í.

“Rárá o, Bọ̀ọ̀dá. Àǹtí mi ló máa dì í.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ó ń nu ojú, ó ń dì í.

“Ẹ̀ẹ̀mejì?” ni Ejìká béèrè.

“Ẹ̀ẹ̀mejì, àbúrò mi. Fà á wò.”

Lẹ́yìn náà Ejìká di ti Gbéejẹ́jẹ́, ó sì dì í dáadáa. Òun ló wà nísàlẹ̀, òun ló ń pàṣẹ: “Ẹ rọra. Ẹ dúró. Ẹ máa bọ̀.” Gbéejẹ́jẹ́ ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu, títí píánò fi kanlẹ̀ ní yàrá ìsàlẹ̀ láì họ níbì kankan.

Báyìí ni ó ṣe rí fún gbogbo wọn. Ìyá olùkọ́ ń tẹ píánò rẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ nílé dé ilé. Àwọn oníbàárà kan kò pe Gbéejẹ́jẹ́ mọ́. Ó pẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ tó tún bá a ṣàwàdà. Òṣìṣẹ́ náà ló ń wa ọkọ̀ báyìí. Ejìká ni olórí iṣẹ́. Kò tíì sọ pé òun foríjì àna rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n jọ ń gbé ẹrù. Ẹni tuntun tó bá wá kọ́ṣẹ́, Gbéejẹ́jẹ́ á sọ ìtàn yìí fún un kó tó jẹ́ kó fọwọ́ kan ọ̀já, á ní: “Bí nǹkan bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ, sọ pé ọwọ́ rẹ ni. Má fi ọwọ́ ẹlòmíràn san án.”

Ní ti Ejìká, ní ọjọ́ yẹn gan-an, ó délé, ó bá ọmọ rẹ̀ tó ń ṣeré nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó gbé e.

“Bàbá, mo lè rìn,” ni ọmọ náà wí.

“Mo mọ̀.”

Wọ́n gòkè, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tún gòkè.