Ajá tí Bàbá Kẹ́mi Ń Mú Wá fún Ògún

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣépè fún mi. Mẹkáníìkì ni mí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí nínú láti ọdún mélòó kan. N kò lè gbé e mọ́, nítorí ọdún Ògún tún kù sí dẹ̀dẹ̀.

Bàbá Kẹ́mi ló ń wa jíìpù tó ń kó kòkó láti oko Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Ọ̀nà burúkú ti ba gbogbo sípíríǹgì rẹ̀ jẹ́. Ó ní kí n bá òun yan òmíràn. Mo yan èyí tó ga, tó sì le, kí ọkọ̀ lè yọ nínú ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kù tí mo ní nílẹ̀ kúrú fún un.

Mo mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ṣọ́ọ̀kù ló ń di sípíríǹgì mú kí ọkọ̀ má máa fò. Bó bá kúrú, kòtò kan ṣoṣo lè fà á já. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà ọkọ̀ wọ́n bí ojú nígbà náà, mo sì ti fọ́nnu káàkiri pé kò sí ẹni tó mọ jíìpù tó mi. Ojú tì mí láti ní kó dúró de òmíràn. Mo fipá dè é mọ́ ọn, mo ní, "Ẹ máa lọ, ó ti dáa."

Kò pẹ́ tí ṣọ́ọ̀kù fi já. Jíìpù fò kúrò lọ́nà, ó dojú dé lẹ́bàá odò. Ẹsẹ̀ Bàbá Kẹ́mi ṣẹ́, kò sì nà mọ́ títí di òní. Èmi náà ni wọ́n ní kí n lọ wo ọkọ̀. Mo tú ṣọ́ọ̀kù tó já, mo sọ ọ́ sínú odò.

Bàbá Kẹ́mi ti di ará ìjọ Aládùúrà lọ́dún yẹn, kò bá àwa oníṣẹ́ irin bọ Ògún. Ni mo bá ní Ògún ló bínú. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ o. Gbogbo èèyàn gbà á, òun náà gbà á. Ó fi ọ̀pá tilẹ̀ wá, ó fa ajá lọ́wọ́, ó ní kí n bá òun bẹ̀bẹ̀. Mo bẹ̀bẹ̀, mo sì jẹ nínú ẹran ajá náà.

Ọdọọdún ló ń mú ajá wá báyìí. Wọ́n ti lé e ní ṣọ́ọ̀ṣì nítorí rẹ̀.

Lánàá ló tún yà sọ́dọ̀ mi. "Ọ̀gá, mo ti ra ti ọdún yìí. Ẹ ṣé o, ẹ̀yin lẹ kò jẹ́ kí Ògún pa mí."

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n lọ bá a nílé ni, àbí kí n jẹ́wọ́ lójú gbogbo ẹgbẹ́ àwa oníṣẹ́ irin kí wọ́n tó pa ajá náà? Ògún kúkú ti mọ̀. Bàbá Kẹ́mi ni kò mọ̀.